Ògiri Ẹ̀yìn Kọ́bọ́ọ̀dù

Bàbá mi, ẹni tí ń fi fìlà dán ògiri wò,

Mo kí yín láti inú pálọ̀ yín ní Muṣin. Lẹ́bàá fèrèsé ni mo jókòó sí, níbi tí ẹ ti máa ń fá irùngbọ̀n yín ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, òórùn ọ̀dà tuntun sì gba gbogbo ilé kan. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Kò sí ẹni tó bá mi kọ ọ́. Ọmọ yín tí kò mọ̀ ju kí ó tẹ àtàǹpàkò lọ, òun náà ló di akọ̀wé yìí. Àwọn àgbà ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá. Ó pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ti ń pè yín.

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbàlagbà ní Àgùdà. Ilé ìwé àwọn ọmọdé ni wọ́n ti ń kọ́ wa ní ọ̀sán Sátidé, àga wọn sì kéré débi pé tí Ìyá Sikírù bá jókòó tán, èèyàn méjì ló ń fà á dìde. Tíṣà wa kò ju ọmọ ọmọ mi lọ lọ́jọ́ orí. Yóò kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí wa, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa bá wa wí pé a kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí oníkálukú kọ lẹ́tà sí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ bá sọ. Àwọn tó kù kọ sí ọmọ wọn tó wà lókè òkun, wọ́n sì ń bèèrè ẹni tó máa bá wọn fi í ránṣẹ́. Èmi kò bèèrè. Mo mọ̀ pé kò sí ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ń gba ọ̀nà yín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo ní í bá yín sọ ti há sí mi lọ́fun láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, àná òde yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i gbé mì.

Ṣé ẹ rántí fìlà dúdú yín? Iṣẹ́ ni ẹ ń fi fìlà yẹn ṣe, kì í ṣe oge. Tí a bá dé ilé tí wọ́n fẹ́ kí ẹ kùn, ẹ kì í kọ́kọ́ bèèrè àwọ̀ tí wọ́n fẹ́. Ẹ máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ògiri, ẹ ó wá fi ọwọ́ náà gbá fìlà. Tí fìlà bá funfun, ẹ ó mi orí, ẹ ó sì sọ fún onílé pé ògiri rẹ̀ kò tíì ṣe tán láti gba ọ̀dà. Ìgbà tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́, tí ẹ ti fá a, tí ẹ ti dí gbogbo ojú ihò rẹ̀, tí ẹ sì ti fi sáńpépà ha á títí tó fi ń jọ̀lọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun, ẹ ó tún ra á, ẹ ó tún gbá fìlà. Ọjọ́ tí fìlà bá dúdú bó ṣe dúdú lọ́jọ́ tí ẹ rà á, ọjọ́ náà ni ẹ máa ń ṣí agolo ọ̀dà àkọ́kùn, èyí tí wọ́n ń pè ní páráímà lóde òní. Àwọn onílé á máa kùn pé ẹ ti lo ọjọ́ mẹ́rin, àwọn kò sì tíì rí àwọ̀ kankan. Èsì kan ṣoṣo ni ẹ máa ń fún wọn: "Ọ̀dà kì í pa ìdọ̀tí. Ó kàn ń bá a pa àṣírí mọ́ fúngbà díẹ̀ ni."

Ẹ sì tún ní ìwà kan tí àwọn akunlé ẹgbẹ́ yín fi ń ṣe yín ní yẹ̀yẹ́. Kí ẹ tó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà àkọ́kùn, ẹ máa ń yọ pẹ́ńsù tó wà lẹ́yìn etí yín, ẹ ó sì kọ ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan sára ògiri. Mi ò lè kà á nígbà náà. Ẹ sọ fún mi pé àìsàn ògiri náà ni ẹ ń kọ, bí dókítà ṣe ń kọ ti aláìsàn sílẹ̀: èyí ń mu omi, èyí sán, èyí ní ìyẹ̀fun lára. Lẹ́yìn náà ẹ ó kun ọ̀dà bò ó. Bàbá Lásún tó máa ń bá yín gbé àkàsọ̀ á pariwo pé, "Ọ̀gá, ta ló máa ka èyí tí ẹ ti kùn bò mọ́lẹ̀ yìí? Àbí alángbá?" Ẹ̀yin náà á rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó bá fá a ló máa kà á. Ẹni tó bá ń tún un ṣe ló nílò rẹ̀."

Èmi nìkan ni ọmọbìnrin láàárín ọkùnrin mẹ́ta. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ilé ìwé, èmi ni mo ń tẹ̀lé yín lọ síbi iṣẹ́. Èmi ni mo ń ru garawa, èmi ni mo ń fi kànìnkànìn fọ ògiri. N kò bínú, nítorí mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ràn bí ògiri tútù ṣe ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ẹ sì ti ṣèlérí pé tí mo bá dàgbà díẹ̀ sí i, ẹ ó fi búrọ́ọ̀ṣì lé mi lọ́wọ́.

Nígbà tí ẹ kọ́ ilé yìí, pálọ̀ yìí ni ẹ fi ṣe ìkẹyìn. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ fẹ́ kí oníbàárà jókòó síbí, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ọwọ́ yín lè ṣe. Ẹfun la fi kun ògiri rẹ̀ fúngbà díẹ̀, kí a tó rí ọ̀dà gidi. Ọjọ́ tí ọ̀dà dé, ẹ pín ògiri fún wa. Èyí tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà bọ́ sí mi lọ́wọ́, kí n fọ ẹfun ara rẹ̀ kúrò láti òkè dé ilẹ̀. Mo fọ òkè, mo fọ àárín. Ìgbà tó ku ìsàlẹ̀, láti orúnkún dé ilẹ̀, mo gbọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń pàtẹ́wọ́, tí wọ́n ń ṣeré níta. Mo da omi sí ìsàlẹ̀ ògiri náà kí ó lè tutù lójú, mo sì sá lọ.

Ẹ dé, ẹ bi mí bóyá mo fọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ẹ wò mí lójú. Ẹ kò gbá fìlà lọ́jọ́ yẹn, Bàbá. Ẹ gbà mí gbọ́.

Kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró, ògiri náà ti ń ṣí. Láti ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà náà ń wú, ó ń ṣí bí èèpo ẹ̀pà, kí a tó mọ̀ ọ́n, ó ti gòkè dé ìgbáròkó. Ọ̀gá ilé ìwé kan wá nígbà náà nítorí ilé ìwé tuntun wọn tó fẹ́ kí ẹ kùn. Ó jókòó, Màámi gbé omi fún un, èèpo ọ̀dà kan sì já bọ́ sórí bàtà rẹ̀. Ó mú un nílẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì bí ẹni tó ń dá ẹrù onílẹ̀ padà, ó ní òun á padà wá. Kò padà wá. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà kò tilẹ̀ jẹ́ kí ọkùnrin náà dé òpópónà kí ó tó nàka sí mi. "Òun ló fọ̀ ọ́! Ọ̀lẹ ni!" Ẹ kò nà mí. Ì bá sàn kí ẹ nà mí. Ẹ kàn ní láti ọjọ́ náà lọ, n kò ní tẹ̀lé yín lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò yín obìnrin tó ń ṣe búrẹ́dì ní Àgùdà. Ibẹ̀ ni mo gbé títí mo fi lọ sí ilé ọkọ.

Oṣù bíi méjì lẹ́yìn náà, ẹ wá wò mí. Ẹ jókòó síwájú ilé, ẹ jẹ búrẹ́dì gbígbóná, ẹ wá yọ nǹkan kan tí ẹ fi ìwé ìròyìn wé nínú àpò yín. Ẹ nà án sí mi, ẹ ní, "Gbà." Búrọ́ọ̀ṣì tuntun ni, kékeré, irú èyí tí ẹ fi ń kun etí fèrèsé. Ẹ kò fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un. Bàbá, mo rò pé ẹ fi mí ṣẹ̀sín ni. Ẹni tí wọ́n lé kúrò nídìí ọ̀dà, kí ló fẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe? Inú bí mi. Mo sọ ọ́ di ohun tí a fi ń pa òróró sínú agolo búrẹ́dì. Nígbà tí ẹ tún wá, ẹ rí i lórí tábìlì, irun rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra fún òróró. Ẹ mú un, ẹ yí i síwá, ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti mú un. Ẹ ní búrẹ́dì náà dùn. Láti ọjọ́ yẹn títí ẹ fi lọ, a kò sọ ọ̀rọ̀ ògiri mọ́. Mo di oníbúrẹ́dì, mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin, n kò ráhùn. Ṣùgbọ́n tí mo bá kọjá níwájú ilé tí wọ́n ń kùn, ẹsẹ̀ mi máa ń wúwo.

Mo gbọ́ nígbà tí mo wà ní Àgùdà pé ẹ ti fá ògiri náà, ẹ sì ti tún un kùn. Mo gbọ́ pé ó tún ṣí. Màámi ló ní kí wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù ńlá, èyí tí abọ́ àlejò wà nínú rẹ̀, síwájú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀yin àti Màámi lọ tán, tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́lé tiwọn síbòmíràn, èmi ni wọ́n ní kí n máa gbé inú ilé. Gbogbo Kérésìmesì ni a ń tún ilé ṣe, a ń fọ gbogbo ibi, ṣùgbọ́n n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn nípò. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀. Ògiri yìí lanu, mo sì mọ ẹni tó là á lẹ́nu.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n fi ọmọ kan yangàn. Títí ni orúkọ rẹ̀, àkọ́bí mi obìnrin ló bí i. Ẹ ti lọ kí wọ́n tó bí i. Akunlé ni, Bàbá! Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó kàwé jáde, ó wá ní iṣẹ́ ọ̀dà ni òun fẹ́ ṣe. Màmá rẹ̀ sunkún. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ohun tí ẹyẹ bá jẹ ni ẹyẹ ń gbé fò. Ó ń gun àkàsọ̀ bí ọ̀kẹ́rẹ́, àwọn ọkùnrin tó jù ú lọ sì ń pè é ní ọ̀gá káàkiri Surulere. Tí àwọn ẹgbẹ́ mi ní kíláàsì bá ń fi ọmọ wọn tó wà ní Kánádà yangàn, èmi á na ìka gba ojú fèrèsé sí ilé alájà mẹ́rin tó kọjú sí wa, n ó bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ẹni tó kùn ún. Wọ́n mọ̀. Mo ti sọ fún wọn ní ọgọ́rùn-ún ìgbà.

Oṣù tó kọjá ni Títí wá bá mi pé òun fẹ́ fi pálọ̀ yìí ṣe ibi tí òun á ti máa gba oníbàárà lálejò. Ẹnì kan tó ń kọ́lé sí Yábàá ti sọ pé òun máa wá wo iṣẹ́ rẹ̀ nílé, kí òun tó gbé ilé náà fún un.

"Màmá àgbà, tó bá ti rí ògiri wa báyìí, kò tún ní bi mí ní ìbéèrè kankan."

Ọ̀rọ̀ yín gan-an nìyẹn, Bàbá.

"Kọ́bọ́ọ̀dù yìí máa kúrò o," ló tún wí.

Mo ní, "Fi í síbẹ̀. Kùn ún yí i ká."

"Kí n kun ọ̀dà yí kọ́bọ́ọ̀dù ká? Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí gbogbo Èkó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju èje lọ."

"Ẹẹ́fà wo, èje wo? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má po òwe mọ́ ọ̀dà mi. Kí ló wà lẹ́yìn ẹ̀? Ṣé eku ni?"

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá àwáwí. Mo ní abọ́ inú rẹ̀ á fọ́. Ó kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jẹrà. Ó ní òun á gbé e bí ẹyin. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń rò. Tí ògiri yìí bá tún ṣí lójú oníbàárà rẹ̀, irọ́ kan ṣoṣo tí mo pa ní ọmọdé ti ba iṣẹ́ bàbá mi jẹ́, ó sì tún ba ti ọmọ ọmọ mi jẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo pè é jókòó, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ṣe ròyìn rẹ̀ fún yín yìí. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ọkọ mi pàápàá kò gbọ́ ọ.

Ó ní, "Ẹ sì ti fi kọ́bọ́ọ̀dù dí i láti ìgbà yẹn? Odindi kọ́bọ́ọ̀dù?" Ẹ̀rín pa á débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìgbà tó rí i pé omi ti dé ojú mi ló dìde, ó gbá mi mọ́ra, ó ní, "Ó dáa, Màmá. Ẹ jẹ́ ká bi ògiri fúnra ẹ̀."

A gbé kọ́bọ́ọ̀dù kúrò. Títí fi aṣọ dí imú, ó dí temi náà, nítorí eruku ọ̀dà àtijọ́ kì í ṣe ohun tí à ń fà símú. Ó fi omi rin ògiri kí eruku má bàa fò, ó wá mú irin tí wọ́n fi ń fá ọ̀dà. Ìró yẹn, Bàbá! Kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀, irin lára ògiri. N kò tíì gbọ́ ọ báyẹn nínú ilé yìí láti ìgbà yín. Ọ̀dà aláwọ̀ wàrà tí ẹ fi tún un kùn ló kọ́kọ́ já bọ́. Ọ̀dà àkọ́kùn tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ bá a jà, ó ń ká kúrò bí awọ tó gbẹ.

Lójijì, irin náà dúró. "Màmá àgbà, ẹnì kan kọ nǹkan síbí o."

Ó tan iná fóònù rẹ̀ sí i. Mo mọ ọwọ́ tó kọ ọ́ kí n tó mọ ohun tó kọ. Ẹ máa ń tẹ pẹ́ńsù bí ẹni tó ń gbẹ́ igi. Títí ti la ẹnu láti kà á. Mo ní, "Pa ẹnu ẹ dé! Èmi ni mo máa kà á." Mo wá gíláàsì mi. Mo kúnlẹ̀, mo fi ìka tẹ̀ lé e bí tíṣà wa ṣe kọ́ wa, ọ̀rọ̀ kan, òmíràn, òmíràn. Ohun tí ẹ kọ nìyí:

Omi balùwẹ̀ ilé kejì ló ń wọ inú ògiri yìí. Ọmọ mi obìnrin kò fọ ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ rẹ̀ kọ́. Omi ni.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kẹta, n kò rí ìwé mọ́, ohùn yín ni mò ń gbọ́.

Títí ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ẹ̀yìn ògiri yìí gan-an ni balùwẹ̀ àwọn onílé kejì wà nígbà yẹn. Gbogbo omi tí wọ́n fi ń wẹ̀ ló ń rá wọ inú rẹ̀. Ibi tí mo fọ̀ mọ́ tónítóní ṣí, ibi tí n kò fọ̀ náà ṣí. Ó ní ká ní mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀méje ni, yóò ṣí náà ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi ìdí tí ẹ̀yin àti bàbá onílé kejì kò fi kí ara yín mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Bàbá, ejìká mi sọ̀ kalẹ̀. N kò mọ̀ pé mo ti ń gbé e sókè láti ọdún yìí wá. Ebi pa mí lójijì, ebi gidi. Títí lọ ra àkàrà, mo fi jẹ odindi búrẹ́dì kan bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú odò jáde.

Mi ò fọ ìsàlẹ̀ ògiri yín, Bàbá. Ẹ ti mọ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ìgbà wo lẹ mọ̀? Ṣé ọjọ́ tí ẹ fá a, tí ẹ rí ẹfun tó ṣì lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀? Kí ló dé tí ẹ sọ fún ògiri, tí ẹ kò sọ fún mi? Ẹ̀yin lẹ kò rán mi lọ sí ilé ìwé. Ta wá ni ẹ kọ ọ́ fún? Àbí ẹ rò ó pé lọ́jọ́ kan ṣá, èmi ni mo máa fá a?

Mo mọ̀ pé àwọn bàbá ayé ìgbà yẹn kì í wá bá ọmọ pé àwọn ṣi ọmọ dá lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì wá. Wọ́n ní tí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì yín ni búrọ́ọ̀ṣì yẹn, èmi sì lọ rì í bọ òróró. Mo máa ń rántí bí ẹ ṣe dá a padà sórí tábìlì jẹ́jẹ́. Mo ti dárí jì yín pé ẹ lé mi. Kí ẹ dárí jì mí pé mo fi ẹ̀bẹ̀ yín pa agolo búrẹ́dì.

Ẹ ó fẹ́ mọ bóyá omi ṣì wà níbẹ̀. Kò sí mọ́. Ọdún kejì rèé tí àwọn ọmọ onílé kejì ti wó ilé wọn, wọ́n kọ́ tuntun, balùwẹ̀ sì ti lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Síbẹ̀, Títí kò fi ẹnu lásán gbà bẹ́ẹ̀. Ó lẹ ọ̀rá funfun mọ́ ògiri, ó fi téèpù dí etí rẹ̀ yí ká, ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ó ní tí omi bá wà nínú ògiri, ọ̀rá náà á làágùn nínú. Kò làágùn. Ó fọ ògiri náà, ó rọra yẹra fún ibi tí ẹ kọ̀wé sí, ó dí ojú ihò, ó fi sáńpépà ha á, ó nu eruku rẹ̀, ó sì ń wá ohun tó máa fi ṣí agolo páráímà.

Mo ní, "Dúró ná." Mo lọ sí yàrá, mo gbé fìlà yín wá láti inú àpótí Màámi. Mo ra àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri, mo gbá fìlà. Ó funfun.

"Kò tíì ṣe tán," mo wí.

"Màmá, mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì! Fìlà yẹn gan-an ló ní eruku."

"Gbọn fìlà, kí o tún un wò." Ó gbọ̀n ọ́n. Ó ra ògiri, ó gbá a. Ó funfun. Ó ṣu ẹnu pọ̀, ó gbé garawa.

Mo gba kànìnkànìn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kí ó máa fọ òkè àti àárín, kí ó fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Ó ní orúnkún mi kò ní gbà. Mo ní orúnkún ta ni? Ó gbé àpótí kékeré fún mi, mo jókòó lé e, mo bẹ̀rẹ̀ láti igun ògiri náà. Àwọn ọmọdé ń ṣeré níta, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. N kò dìde. Mo fọ ibẹ̀ láti orúnkún dé ilẹ̀, àfi ibi tí ọ̀rọ̀ yín wà, mo pààrọ̀ omi lẹ́ẹ̀marùn-ún, títí omi inú garawa fi mọ́ gaara. Nígbà tó gbẹ lọ́jọ́ kejì, mo ra ọwọ́ mọ́ ọn, mo gbá fìlà. Ó dúdú bí ọjọ́ tí ẹ rà á.

Títí fẹ́ kí a fi gíláàsì bo ohun tí ẹ kọ, kí oníbàárà máa rí i. Ó ti yà á sínú fóònù rẹ̀. Mo ní rárá. Ẹni tó bá fá a ló máa kà á. Bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ní kí ó yá mi ní pẹ́ńsù. Mo kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí abẹ́ tiyín. Ó pẹ́ kí n tó kọ ọ́ tán, Títí sì dúró, kò kán mi lójú. Nígbà tí mo dìde, ó ṣí agolo, ó po ọ̀dà àkọ́kùn náà, ó mú búrọ́ọ̀ṣì kan tí kò tíì kan ọ̀dà rí, ó nà án sí mi.

"Ẹ gbà," ló wí.

Mo gbà á, Bàbá. Mo tì í bọ inú ọ̀dà, mo fi etí agolo nù ún bí ẹ ṣe máa ń ṣe, mo sì kun ọ̀rọ̀ yín àti ọ̀rọ̀ mi pọ̀, lẹ́ẹ̀kan náà, láti òsì sí ọ̀tún.

Ẹni Yábàá yẹn wá lánàá. Ó jókòó síbi tí ọ̀gá ilé ìwé jókòó sí. Mo ń wo bàtà rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi ń sọ̀rọ̀. Kò sí ohun tó já bọ́ sí i. Nígbà tó ń lọ, ó fi ọwọ́ ra ògiri, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ní kí Títí wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.

Mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí mo kọ sí abẹ́ tiyín, nítorí n kò rò pé ẹnikẹ́ni tún máa fá ògiri yẹn nígbà ayé mi. Ohun tí mo kọ nìyí:

Mo ti kà á, Bàbá. Ògiri ti gbẹ. Mo ti fọ ìsàlẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin,
tí fìlà yín wà lórí itan rẹ̀ bó ṣe ń kọ èyí.